Àwọn eku tó ń jùmọ̀ sùn ní Chile: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sóko ìwádìí

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán, Dókítà. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo wà lọ́dún kejì ẹ̀kọ́ Másítà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi fẹ́ kí n lọ lo oṣù mẹ́ta ní Chile, láti oṣù kẹjọ dé oṣù kẹwàá, kí n lọ wo bí àwọn eku kan tí wọ́n ń pè ní degu ṣe ń bára wọn gbé. Mi ò gbọ́ Spanish, mi ò sì fọwọ́ kan eku rí àfi ti inú yàrá ìwádìí. Kí ni màá máa ṣe gan-an láti àárọ̀ dalẹ́? Ṣé èèyàn lè fojú rí i lóòótọ́ pé eku igbó ní ẹbí? Màmá mi tiẹ̀ ń bi mí pé ṣé eku náà ni mo wọ bàálù lọ kà."

Àbúrò mi, màmá ò jẹ̀bi. Nígbà tí mo sọ fún bàbá tèmi pé eku ni mo fẹ́ lọ wò ní Chile, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́. Mo ní rárá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí wá lẹ fẹ́ fi í ṣe?" Ìgbà tí mo sọ pé ìbátan ọ̀yà ni, ara wọn wá balẹ̀. Mi ò purọ́ fún wọn o. Tí a bá tọ ìdílé gbogbo ìran eku lọ sẹ́yìn, degu sún mọ́ ọ̀yà ju bó ṣe sún mọ́ eku ilé lọ. Molina, àlùfáà ọmọ Chile tó kọ́kọ́ fún un lórúkọ nínú ìwé lọ́dún 1782, ọ̀kẹ́rẹ́ ló tiẹ̀ pè é. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ rí i tí kì í ṣì í mọ̀.

Ó tóbi ju èlírí lọ dáadáa, kò sì tó òkété. Àgbà rẹ̀ lè wọn láti nǹkan bí gíráàmù 170 dé 300. Eyín iwájú rẹ̀ pọ́n bí èèpo ọsàn tó ti pọ́n, irun dúdú sì dì jọ ní ṣóńṣó ìrù rẹ̀. Ojúmọmọ ló ń jáde jẹun, ìdí pàtàkì sì nìyẹn tí àwa tó ń wo ìwà ẹranko fi fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ eku, òru ni tiwọn. Wàá kàn máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ni. Degu yóò jókòó lẹ́nu ihò rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, yóò máa yáòòrùn, ìwọ náà yóò jókòó lókèèrè pẹ̀lú awò ìwòran rẹ, ẹ ó máa wo ara yín.

Ìwọ̀nba ìjókòó tó o ń rò nínú ọkàn rẹ nìyẹn. Iṣẹ́ tó kù, kò jọ bẹ́ẹ̀.

Bóyá Rinconada de Maipú ni wọn yóò mú ọ lọ, ilẹ̀ tí Yunifásítì Chile ní, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 30 sí Santiago, olú-ìlú Chile. Ibẹ̀ ni Luis Ebensperger ti Pontificia Universidad Católica de Chile àti Loren Hayes ti Yunifásítì Tennessee ní Chattanooga ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pápá ni, koríko pẹ̀lú àwọn igi kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní espino. Ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ìgbà ooru, òdìkejì ohun tí ara wa mọ̀. Oṣù kẹjọ tí ò ń wí yẹn, òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ lọ ni. Mo débẹ̀ pẹ̀lú súwẹ́tà kan ṣoṣo nítorí pé "Gúúsù Amẹ́ríkà" tí mo gbọ́, oòrùn ni mo fi gbọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìrì ti dì funfun lórí koríko, irin tàkúté sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Aago mẹ́rin ìdájí lo máa ń jí. Àwọn degu kan ti ní rédíò kékeré lọ́rùn, bíi ẹ̀gbà, tó wọn gíráàmù méje sí mẹ́sàn-án. Òfin tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé ni pé ohun tí a bá so mọ́ ẹranko lọ́rùn kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ; ìyẹn ni pé eku tí kò bá tó gíráàmù 180, má fi rédíò oní gíráàmù mẹ́sàn-án dè é. Rédíò kọ̀ọ̀kan ní ojú ìgbì tirẹ̀. Ìwọ yóò gbé áńtẹ́nà, irin tó ń gba ìgbì rédíò, lọ́wọ́ kan, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn ní ọwọ́ kejì, iná tọ́ọ̀ṣì lórí, wàá máa rìn láti ihò dé ihò títí ìró "pín, pín, pín" náà yóò fi le jù lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ibẹ̀ ni eku yẹn sùn lánàá. O kọ ọ́ sílẹ̀. O tún wá òmíràn lọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, o ti gbọ́dọ̀ ṣí àwọn tàkúté. Tàkúté tiwa kì í pani o, àpótí irin ni. Eku wọlé, ilẹ̀kùn pa dé, ó jókòó síbẹ̀ ó ń jẹ ọkà óòtì (oats) tó wà nínú rẹ̀. A máa ń to nǹkan bíi mẹ́wàá yí ihò kan ká. Wákàtí kan àbọ̀ péré, a ó tún pa gbogbo wọn dé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n: tí eku bá ń kó sí i, èéṣe tí a kò fi sílẹ̀ títí di ọ̀sán? Obìnrin kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ló là mí lójú. Eku tó bá kó sí tàkúté lẹ́nu ihò ní kùtùkùtù, inú ihò yẹn ló ti ń bọ̀. Èyí tó bá kó sí i ní aago mọ́kànlá, ó lè jẹ́ àlejò tó ń kọjá lọ, tó gbóòórùn óòtì. Àkókò yẹn gan-an ni dátà. Bí o bá fi wákàtí méjì kún un kí iye eku lè pọ̀, o ti da onílé pọ̀ mọ́ ẹni tó wá kí i.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tábìlì. O tú eku sínú àpò aṣọ, o fi òṣùwọ̀n gbé e, o wo bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ó lóyún, bóyá ó ń fún ọmọ lọ́mú. O ka nọ́ńbà tó wà lára yẹtí irin rẹ̀. Tí kò bá ní, o fi tuntun sí i, o sì gé awẹ́ kékeré kan létí rẹ̀ fún DNA. O dá a padà sí ibi tí o ti mú un gan-an. Kì í ṣe "agbègbè ibẹ̀" o, ihò yẹn.

Ó yá, ìbéèrè tó jẹ́ gbòógì nínú lẹ́tà rẹ: ṣé eku igbó ní ẹbí?

Ohun tí o máa fojú rí kò níí yàtọ̀ sí agbo ilé. Abo mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú akọ kan tàbí méjì, wọ́n ń wọ ihò kan náà lálẹ́. Nígbà tó bá di oṣù kẹsàn-án, àwọn abo á bímọ. Oyún wọn tó nǹkan bí aádọ́rùn-ún ọjọ́, nígbà tí ti eku ilé kì í ju nǹkan bí ogún ọjọ́ lọ, nítorí náà ọmọ degu ti lajú, irun ti bò ó, kó tó jáde. Ìyá mẹ́ta lè kó ọmọ wọn pọ̀ sójú kan náà, kí ọmọ máa mu ọmú èyí tó bá kàn, kí ìyá má sì lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò. Àwa tí wọ́n ń pa á lówe fún pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, tí a bá rí irú èyí, kíá lọkàn wa ti parí rẹ̀: ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, tàbí ìyá àti ọmọ. Ta ló tún lè fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú?

Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Nínú ìwé àbá tí mo kọ kí n tó lọ, "ìdílé" ni mo pe ẹgbẹ́ degu kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún nínú ojú ewé mẹ́fà. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ gbogbo wọn, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sísàlẹ̀: "Ta ló sọ fún ọ?" Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Valeria Quirici àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo DNA àwọn degu Rinconada, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó ń gbé ihò kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ bára wọn tan ju àwọn ará ìta lọ. Alájọgbélé ni wọ́n. Tí o bá fẹ́ àpèjúwe tó sún mọ́ ọn, má wo agbo ilé bàbá rẹ; wo ilé tí a há yàrá rẹ̀ fún ayálégbé mẹ́jọ ní Mọ́kọ́lá, tí ìyàwó yàrá kejì ń wẹ̀ fún ọmọ yàrá kẹta nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà.

Ìdí kan wà tó fi rí bẹ́ẹ̀. Degu kì í pẹ́ láyé nínú igbó. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í lò ju nǹkan bí ọdún kan lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àwòdì àti òwìwí ń jẹ wọ́n láìsinmi. Ilé tí o kà ní ọdún yìí, tí o bá padà ní ọdún tó ń bọ̀, ihò yẹn lo máa bá, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ yóò ti di ẹlòmíràn. Àwọn àjẹkù tó là á já yóò kó jọ pẹ̀lú ẹni tí wọ́n bá rí.

Nítorí náà, a kì í fojú yan ẹgbẹ́. Ìṣirò là ń ṣe. Ká ní òru mẹ́wàá ni a mọ ibi tí eku A àti eku B sùn, mẹ́jọ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì jọ wà nínú ihò kan náà. Okùn tó so wọ́n nípọn. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá, olùkọjá ni. A ó ṣe èyí fún gbogbo eku méjì-méjì tó wà lórí ilẹ̀ náà, kọ̀ǹpútà á wá pín wọn sí agbo-agbo. Ìdí nìyẹn tí òru kan tí o bá sùn gbàgbé fi lè dà bí ohun kékeré lójú rẹ, tí yóò sì ya ihò sínú iṣẹ́ rẹ tí kò ní ṣeé dí mọ́.

Tí wọn kì í bá ṣe ẹbí, kí ni wọ́n ń rí nínú àjọgbé yẹn? Ẹnu kò tíì kò lórí èyí, mo sì rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí o da ọkàn rẹ sí. Ebensperger àti Bozinovic fi hàn lọ́dún 2000 pé àwọn degu máa ń jùmọ̀ walẹ̀: wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn, èyí tó wà níwájú á walẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa ta yẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́dún 2002, Ebensperger àti Wallem tún fi hàn pé nígbà tí degu bá wà ní gbangba níbi tí kò sí igi, àwọn tó pọ̀ pa pọ̀ máa ń tètè rí ọ̀tá láti òkèèrè. Èyí yé gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni kò rọrùn. Nígbà tí Hayes àti àwọn tó kù ka iye ọmọ tó kan abo kọ̀ọ̀kan, abo tó wà nínú ẹgbẹ́ ńlá kò ní ọmọ ju èyí tó wà nínú ẹgbẹ́ kékeré lọ. Tí o bá dúró níbẹ̀, wàá ní àjọgbé kò lérè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ọdún lé ọdún, ó wá hàn pé ọdún kò dọ́gba: lọ́dún tí oúnjẹ bá ṣọ̀wọ́n, àǹfààní ọ̀pọ̀ abo nínú ilé kan máa ń yọ ju ti ọdún tí koríko pọ̀ lọ. Àárín gbùngbùn Chile sì ti wà nínú ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn láti ọdún 2010. Oṣù mẹ́ta tìrẹ, ojú àwòrán kan ṣoṣo ni nínú fíìmù gígùn. Má lọ kọ ọ́ bí ẹni tó wo fíìmù náà tán.

Ẹ̀bi tèmi méjì, kí o má baà tún un ṣe.

Èkíní, ìrù. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé a kì í fi ìrù mú degu. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ mi lórí tábìlì, ó fẹ́ fò sílẹ̀, ọwọ́ mi sáré mú ohun tó sún mọ́ ọn jù. Awọ ìrù náà yọ bí ìgbà tí a bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó wà láàárín ìka mi, pẹ̀lú ìdì irun dúdú rẹ̀, eku náà sì ti lọ pẹ̀lú eegun ìrù pupa ní gbangba. Bí ara wọn ṣe rí nìyẹn, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń já gbà lọ́wọ́ ẹyẹ. A tún mú un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sanra, ìrù rẹ̀ ti di kùkùté. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ ọ́ sínú ìwé fún ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìtọ́jú ẹranko, pẹ̀lú orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀.

Èkejì kò ní ẹ̀jẹ̀, òun ló sì burú jù. Mo ń ka yẹtí irin ní òtútù, ojú mi ń ṣomi, eku náà sì dojú dé nínú àpò. Mo kọ 98. Eku 98 ti kú lóṣù tó ṣáájú, a ti rí rédíò rẹ̀ nísàlẹ̀ ìtẹ́ àwòdì. 86 ni mo mú, mo kà á láti orí kodò. Fún ọjọ́ mẹ́rin, òkú ń sùn nínú ilé tuntun nínú ìwé mi, kò sì sí ẹni tó mọ̀ àfi ìgbà tí ìṣirò dé. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka nọ́ńbà sókè, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tún un kà padà fún mi kí n tó kọ ọ́. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ̀wé, kì í ṣe bírò. Bírò kì í kọ nínú ìrì. Tí o bá sì ṣì í kọ, fa ilà kan sí i kí ó ṣì ṣeé kà. Kí eku máa dún bí eku, kí ẹyẹ máa dún bí ẹyẹ: ohun tí o bá rí ni kí o kọ, kódà tó bá ba àbá rẹ jẹ́.

Nípa ewu, àwa tí a mọ ibà Lassa kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí ìtọ̀ eku lè fà. Ní Chile, kòkòrò àrùn hantavirus tí wọ́n ń pè ní Andes ni kí o bẹ̀rù, kì í sì í ṣe ara degu ló ti ń wá bí kò ṣe lára eku kékeré onírù gígùn kan. Èèyàn lè kó o ran èèyàn. Bí wọ́n bá fún yín ní ilé onípákó kan tó ti wà ní títì fún ìgbà pípẹ́, ẹ má wọlé gbálẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gba ibẹ̀ dáadáa, ẹ fi omi tí ẹ po bíílíṣì sí rin ilẹ̀, kí ẹ tó nu ún. Máa gbọn bàtà rẹ láràárọ̀, aláǹtakùn kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn igun ilé, oró rẹ̀ ń jẹ ẹran ara. Igi kan sì wà tí wọ́n ń pè ní litre, bí o bá fara kàn án, ara rẹ lè wú kó máa yún ọ fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní kéèyàn máa kí igi náà tó bá ń kọjá. Mo máa ń kí i. Kí ni mo máa pàdánù?

Ìwé àṣẹ láti mú ẹranko, SAG, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn, ni ìjọba Chile fi ṣọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ ló yẹ kó ti bójú tó ìyẹn, ṣùgbọ́n bèèrè ẹ̀dà rẹ̀ kí o sì máa gbé e kiri. Spanish rẹ yóò wá fúnra rẹ̀ níbi tábìlì "once", oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ wọn, tíì pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n fi píà tí a gún sí. Jókòó ti àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń tún tàkúté ṣe, má máa sá lọ bá àwọn ọmọ Amẹ́ríkà nídìí kọ̀ǹpútà.

Físà ni mo fi sẹ́yìn, òun gan-an ló sì lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà láti wọ Chile, ìyẹn kò le. Ìpadàbọ̀ ni kí o rò. Ní oṣù keje ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà di ẹlẹ́ẹ̀kan, olóṣù mẹ́ta. Tí tìrẹ bá ti lò tán, o kò ní lè fi í wọlé padà, àǹfààní tí wọ́n ń fún àwọn tó bá lọ sí Kánádà tàbí Mẹ́síkò fún ọjọ́ díẹ̀ kò sì dé Chile. Lọ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí o jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ fún ọ. Tí wọ́n bá ní kí o má jáde, bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ pé kí o gba dátà ọdún tó kọjá ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó sì tó Másítà ṣe.

Tí wọ́n bá ní kí o lọ, fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ ránṣẹ́ sí mi. Mo ní bàtà kan, nọ́ńbà 43, tí ẹ̀gún espino kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gún já ní gbogbo ìgbà tí mo lò níbẹ̀.